Ẹ̀rù Inú Àjà: Bí Mo Ṣe Fi Wáyà Jẹun Nílẹ̀ Olómi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yìí, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni ó dára láti kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tèmi. Gbogbo yín ni ẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé èló ni iṣẹ́ ń mú wọlé. Ẹ bèèrè ẹ̀rù rẹ̀ ná. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rù tirẹ̀. Apẹja ń bẹ̀rù ìjì, awakọ̀ ń bẹ̀rù bíréèkì, àní akọ̀wé tó jókòó sábẹ́ fáànù ń bẹ̀rù ọ̀gá. Ní tèmi, wáyà ni mo fi ọjọ́ ayé mi fà: àwọn wáyà tí ń so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà nínú báńkì, nínú òtẹ́ẹ̀lì, nínú ilé ìtajà ńlá. Ẹ̀yin ń rí ihò kékeré lára ògiri tí ẹ ń ki wáyà bọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ihò yẹn, èmi ni kí ẹ bi.

Ẹ̀bùn lorúkọ mi. Ìyá Oníwáyà ni wọ́n ń pè mí ní Igbókọ̀dá níbí. Etí òkun ni wọ́n ti bí mi, kò jìnnà sí Ayétòrò, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó igi, tí afárá pákó sì jẹ́ títì wa. Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wà lábẹ́ òkun báyìí. Ojú mi ni omi ṣe ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bí olè tó mọ̀ pé onílé kò níbi tí yóò sá sí.

Apẹja ni ọkọ mi. Ó jáde lọ sójú òkun ní òwúrọ̀ kan tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó padà, ó dojú dé. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wo omi kí àyà mi má já. Nígbà tó yá, mo fa ọmọbìnrin mi lé ìyá mi lọ́wọ́, mo ní mò ń lọ sí Igbókọ̀dá lọ wá iṣẹ́ orí ilẹ̀ gbígbẹ.

“Ọma mi,” ni ìyá mi wí, bí a ṣe ń pe ọmọ létí òkun, “iṣẹ́ wo ni ìwọ mọ̀ tí kì í ṣe ti omi?”

“Èyíkéyìí tí kò bá ti lè rì, ìyá mi.”

Bí mo ṣe rò ó nígbà náà nìyẹn.

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, nínú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ fún báńkì. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ọ̀gá Làmídì. Ará Ọ̀ffà ni, ó síngbọnlẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń bínú kódà bó bá ń kí ènìyàn. Ó ń wá ẹni tí ara rẹ̀ tín-ín-rín tó lè rá pálá wọ àjà tí òun kò lè wọ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ, ṣé o máa ń bẹ̀rù?”

Mo rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, n kò ní rí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n irọ́ kò wá sí mi lẹ́nu. “Mo máa ń bẹ̀rù gan-an ni, sà.”

“Irú rẹ ni mò ń wá. Wá lọ́la.”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, èmi tí mo ti bímọ, tí mo sì ti ṣe opó. Ẹ má bi mí ní owó oṣù. Ó tó ra pupuru, ọbẹ̀ ni kì í tó.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì mi ni Dàmọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ode Ugbo kan tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù. Ó lè rìn lórí igi àjà bí ológbò, kó máa súfèé. Àǹtí ló ń pè mí, ó sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí eku ibẹ̀ yẹn gbé yín mì o.”

Wáyà tí à ń fà nígbà náà, bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀, wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ni ẹ máa bá nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì méjì. Àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: ọsàn, ewé, búlúù, búráùn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ tó ní funfun lára. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tò wọ inú orí wáyà. Bí ẹyọ kan péré bá ṣìnà, kọ̀ǹpútà kan kò ní gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ. Ọ̀gá Làmídì kò jẹ́ kí a sinmi àwọ̀ wọ̀nyí. Mo lè máa jẹun lọ́wọ́, á kàn dédé ní, “Lẹ́yìn funfun-ewé ńkọ́?” Màá ní, “Búlúù, sà,” pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu.

Kì í jẹ́ kí a fagbára fa wáyà. Bó bá rí i pé ẹnìkan fà á tagbára-tagbára, á ní, “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Lẹ́yìn náà, á gé e dànù, á ní kí onítọ̀hún mú òmíràn. Ọjọ́ kan wà tí a fa wáyà láti àárọ̀ nínú àjà báńkì kan. Dàmọ́lá ti to díẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, nítorí ibẹ̀ ló yá jù. Ọ̀gá gòkè, ó tan tọ́ọ̀ṣì, kò sọ nǹkan kan. Ó yọ ohun ìgéwáyà, ó sì gé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.

Dàmọ́lá kígbe, “Ọ̀gá, iṣẹ́ àárọ̀ títí di ìsinsìnyí nìyẹn!”

“Wáyà iná àti wáyà tiwa kì í sùn lórí ẹní kan,” ni ọ̀gá dá a lóhùn. “Bí wọ́n bá sùn pọ̀, ọ̀kan á ba èkejì jẹ́, ọjọ́ tí nǹkan bá sì já, wọ́n á jọ pa ẹni tó tẹ́ ẹní fún wọn.”

Òfin kan ṣì wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Ó fún olúkúlùkù wa ní téstà kan tó dà bí bírò. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ ohun tí iná wà nínú rẹ̀, iná pupa kékeré á tàn ní ìdí rẹ̀. “Ohun tó bá ti jẹ́ irin,” ni ó máa ń wí, “ẹ má fọwọ́ kàn án láìdán an wò. Bí bàbá tó bí yín bá sọ fún yín pé òun ti pa iná, ẹ kí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ àjà, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn tí ẹ mọ̀ níta. Ó gbóná, ó ní eruku, ó rùn bí ìtọ̀ eku, kò sì sí ibi tí ẹ lè nà tán. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni pákó tó wà lábẹ́ yín. Bí ẹ bá gbé orúnkún sí ibi tí kò yẹ, ẹ ti dé ilẹ̀. Mo fi àyà fà dé àárín yàrá ńlá kan, ni mo bá mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan tútù kan ń gba orí ọrùn ẹsẹ̀ mi kọjá. Ó ń lọ, kò sì tán. Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá wà nísàlẹ̀. Ó gbọ́ pé mo ti dákẹ́. “Ẹ̀bùn, kí ló dé?”

“Ejò wà lẹ́sẹ̀ mi, sà.” Ohùn mi kò ju ti eku lọ.

N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Má mira. Máa ka àwọ̀ fún mi.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù. Bí mo bá kà á tán, á ní, “Tún un kà.” Òógùn ń wọ ojú mi, n kò lè nù ún. Mo kà á títí n kò fi mọ ohun tí mò ń sọ mọ́, títí nǹkan náà fi kúrò lára mi tó gba ibi tó ń gbà lọ. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá gbé omi fún mi, ó wò mí títí mo fi mu ún tán. Ó wá ní kí n padà gòkè nítorí iṣẹ́ kò tíì parí. Mo sunkún, mo sì gòkè.

Dàmọ́lá kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé tó rìn fún yín.

Ilé alájà mẹ́ta kan ni, létí omi, tí wọ́n ń kọ́ fún ọ́fíìsì àti ìsọ̀. N kò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Irà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, yanrìn ni wọ́n fi dí i. Wọ́n ti kun ilé náà, wọ́n ń lẹ táìsì lọ́wọ́, àwa náà sì ti fa wáyà wa dé àjà òkè pátápátá. Ihò gbọọrọ kan wà láàárín ilé náà, tó lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Inú rẹ̀ ni gbogbo wáyà ń gbà gòkè, ó sì ní ilẹ̀kùn kékeré ní àjà kọ̀ọ̀kan. A ti kan àkàbà irin mọ́ ògiri inú ihò náà, a sì so ìdì wáyà wa mọ́ ọn, ìdì tó nípọn bí itan ọkùnrin.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí sí wáyà, èmi ni mo lọ ṣí ilẹ̀kùn ihò náà nísàlẹ̀. A ti fi ìdẹ̀ra díẹ̀ sílẹ̀ fún ìdì wáyà náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó lè rọ̀, bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Ṣùgbọ́n mo bá a tó le bí okùn àwọ̀n tí ẹja ńlá kó sí. Mo fi ìka ta á, ó dún. N kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Mo pe ọ̀gá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdì wáyà náà bí ẹni tó ń yẹ ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ gbóná.

“Ta ló fà á?”

“Kò sẹ́ni tó fà á, sà.”

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Ògiri inú ihò náà ti sán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ gbọọrọ sínú òkùnkùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ilé ló ń fà á. Ẹ̀bùn, ilé yìí ń rìn.”

A sáré pe ẹnjiníà ilé náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò jiyàn, kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Gbogbo ènìyàn, ẹ jáde! Ẹ fi irinṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jáde!” A tú jáde sójú títì, àwọn kápẹ́ńtà, àwọn akunlé, àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì. Nígbà náà ni a gbọ́ ọ. Lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì ṣì ń han. Àwọn alẹ́táìsì méjì wà lẹ́nu iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa.

Ọ̀gá Làmídì yí padà. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

“Ẹ má lọ, sà.”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀bùn,” ni ó wí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Tú mi sílẹ̀.”

Ó wọlé. Kò pẹ́ sí i, àwọn alẹ́táìsì náà yọ lójú fèrèsé òkè, wọ́n gba orí igi àtẹ̀gùn tí àwọn akunlé tò sára ilé sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ké bí ẹni tí oyin ń ta. A ń retí kí ọ̀gá yọ lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ni ó dáhùn. Ó mí kanlẹ̀, bí màlúù tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ilé náà fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, gíláàsì fọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, eruku sì bo gbogbo wa lójú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọ̀gá kò sí láàárín wa.

Inú ògiri ni a ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo sáré lọ yọjú sínú ihò wáyà láti ìsàlẹ̀, mo sì rí ìdí bàtà rẹ̀ lókè, ó ń fì. Bí ó ṣe ń kọjá lẹ́bàá ilẹ̀kùn ihò náà ni ilẹ̀ yàrá ya lábẹ́ rẹ̀, ó jábọ́ sínú ihò, ìdì wáyà wa ló sì gbá mú. Búlọ́ọ̀kù ti bà á ní apá òsì. Apá kan ṣoṣo ló fi rọ̀ mọ́ ibẹ̀. Àtẹ̀gùn inú ilé ti wó, àkàbà kankan kò sì lè ti ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn apẹja tó wà létí omi gbé okùn àwọ̀n wá. Ẹnjiníà ní kí ẹnìkan gba orí igi tí àwọn akunlé tò gòkè, kó gba ojú fèrèsé wọ yàrá tó wà lókè orí ọ̀gá, kó ju okùn sí i láti ilẹ̀kùn ihò. Ṣùgbọ́n alẹ́táìsì kan ní ilẹ̀kùn náà ti wọ́, ó ti há, àlàfo tó kù kò gba ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí wá sọ́dọ̀ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ojú wọn ni ó rán mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìgboyà máa ń bà lé ènìyàn bí ẹyẹ. Kò bà lé mi. Mo tọ̀ sára lórí igi yẹn, gbogbo ayé sì rí i. Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo ń gòkè, mo ń pe orúkọ ọmọ mi. Nígbà tí mo wọ ojú fèrèsé, ilẹ̀ yàrá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agolo ọ̀dà kan yí gbirigbiri kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jálu ògiri. Ilé náà ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí eyín ẹni tí òtútù mú. Mo fi ikùn fà dé ilẹ̀kùn, mo ki orí bọ àlàfo rẹ̀.

Ojú ọ̀gá wà nísàlẹ̀ mi, kò ju ibi tí ọwọ́ mi lè nà dé lọ. Sìmẹ́ńtì ti sọ ọ́ di funfun.

“Ta ló ní kí o wá?”

“Kò sí, sà.”

“Òpè.”

Mo na ọwọ́ sí àkàbà irin kí n lè tẹ̀ síwájú.

“Má fọwọ́ kàn án!” Ó han gooro. “Ṣé o ti dán an wò?”

Mo yọ téstà lápò. Mo gbé e sún mọ́ irin náà. Iná pupa tàn.

Ìgbà náà ni mo rí i. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ níta, wáyà iná tí ó gba inú ògiri sì ti já níbi tí ilé ti ya, ẹnu rẹ̀ sì ti ń kan àkàbà wa. Ọ̀gá ti mọ̀. Irin náà ti gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ká ẹsẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tó rọ̀ mọ́ èèpo wáyà nìkan. Bí a bá sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ihò tóóró yẹn, dandan ni kí ara rẹ̀ kan irin.

Mo yí ojú sí fèrèsé, mo pariwo. “Dàmọ́lá! Pa jẹnẹrétọ̀!”

Mo tún pè é.

“Dàmọ́lá!”

“Àǹtí, mi ò lè lọ!” Ẹkún ni ó fi dá mi lóhùn. Ilé jẹnẹrétọ̀ wà ní ìhà tí ilé náà ń wó sí, lábẹ́ ògiri tó ń tẹ̀ gan-an. “Àǹtí, ó máa wó lù mí!”

“Dàmọ́lá, ọwọ́ ọ̀gá ti ń yọ̀!”

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ń wo ìka ọ̀gá tó ń ṣí kúrò lára wáyà, tó tún ń pa dé. Èékánná rẹ̀ ti funfun. Mo ń gbọ́ tí ilẹ̀ abẹ́ mi ń ya. Mo rò ó pé bí mo bá sá báyìí, mo lè yè bọ́. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tó dá mi dúró, n kò sì ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀ ọ́n.

Ó ṣe, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́.

“Ó ti kú, sà.”

“Dán an wò.”

“Sà, ẹ̀rọ ti dá—”

“Dán an wò, Ẹ̀bùn!”

Mo dán an wò. Iná pupa kò tàn. Mo di irin mú, mo fi ìdajì ara sínú ihò, mo tú okùn náà kúrò ní ìbàdí mi, mo so ó mọ́ ọn lábẹ́ abíyá. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ni ó ń gbà. Mo sún etí mọ́ ọn. Àwọ̀ ni ó ń kà.

Àwọn tó di okùn mú níta bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbà á nísàlẹ̀. Èmi náà gba ojú fèrèsé padà. Kí oòrùn tó wọ̀, ìhà tí mo dùbúlẹ̀ sí ti wọlẹ̀ lọ, yanrìn gbé e mì títí dé ojú fèrèsé àkọ́kọ́. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú.

Egungun apá ọ̀gá jinná, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò jinná. Ìka tó máa ń to àwọ̀ mẹ́jọ kí ẹ tó ṣẹ́jú, kò lè di ṣíbí mú mọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ọ̀ffà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ń sunkún. Ó wò mí pẹ̀lú ojú líle yẹn. “Òpè ni ọ́,” ó ní. “O káre.” Ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ.

Dàmọ́lá kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ bá a ní èbúté, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Àǹtí, n kò bẹ̀rù rí láyé mi. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.”

“Ṣùgbọ́n o lọ pa á.”

“N kò rántí bí mo ṣe débẹ̀.” Ó gbé ojú sókè. “Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín lójoojúmọ́ nìyẹn?”

“Lójoojúmọ́,” ni mo wí.

Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tú u sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tà báyìí. Tí a bá pàdé, a máa ń bi ara wa nípa ọmọ.

Èmi náà kò lè wọ abẹ́ òrùlé mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń sùn, pẹ̀lú ẹ̀fọn. Ìyá mi gbọ́, ó wọ ọkọ̀ wá láti etí òkun, ó jókòó tì mí níbẹ̀.

“Ìyá mi, iṣẹ́ yìí ti tán lọ́wọ́ mi. Ojo ni mí.”

Kò bá mi jiyàn. Ó ń ṣa egungun kúrò lára ẹja yíyan tó gbé wá. “Mo máa ń sọ fún ọkọ rẹ,” ó ní, “pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Á rẹ́rìn-ín. Kò bẹ̀rù nǹkan kan, ọmọ dáadáa yẹn. Ọma mi, ẹni ẹ̀rù ń bà ló máa ń wo ojú ọjọ́.” Ó na ẹja sí mi. “Jẹun.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà wọ àjà. Ẹnjiníà kan náà yẹn ló pè mí fún ilé mìíràn, ó ní kí n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò bó bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Irinṣẹ́ ń yí padà lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé fáíbà ń bọ̀ wá sí ìlú wa, ẹ̀rín pa wá, nítorí ọkọ̀ ojú omi là ń pè ní fáíbà níbí. Ìyàwó apẹja kan bi mí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi tó èló. Wáyà onígíláàsì ni wọ́n ń sọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo lọ sí Àkúrẹ́ lọ kọ́ ọ láàárín àwọn tí mo lè bí. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná so ẹnu gíláàsì méjì pọ̀, ẹ ó rí i lójú ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra tí wọ́n sì di ọ̀kan. Ó wù mí. Ó sì kó ìpayà mìíràn wá. Èérún gíláàsì yẹn, bó bá wọ ara, ojú kò ní rí i, àwọ̀ ara á sì gbé e mì. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀, ẹyinjú kò rí i, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Mo máa ń ṣe é pẹ̀lú ojú tí mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń bu omi gbígbóná.

Nígbà tó yá, wọ́n tún ní wáyà ti parí, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní wáí-fáí ló kù. Ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti ń jáde, ẹ tú u wò. Wáyà ló ń bọ́ ọ.

Ohun tí n kò lè sá fún ni omi. Àwọn ará etí òkun ń kọ́ ọ́fíìsì, wọ́n ń kọ́ ilé yìnyín fún ẹja, wọ́n fẹ́ wáyà, ọmọ wọn sì ni mí. Mò ń wọ ọkọ̀. Àárín gbùngbùn ni mo máa ń jókòó sí, àpótí irinṣẹ́ nínú ọ̀rá lórí itan mi, ojú mi ní dídì. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ibẹ̀ ń jẹ irin. Orí wáyà tó ń pẹ́ ní Àkúrẹ́, á dípẹtà níbẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé ọjọ́ tí ẹ fi í sí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn, ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Títí kọ́ ilé yìnyín síbẹ̀, pẹ̀lú ọ́fíìsì àti kámẹ́rà. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀, mo wo bí òkun ti sún mọ́ ilé náà tó. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí omi yẹn ń ṣe.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Màmá Títí, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin náà rí omi yìí. Kí lẹ fẹ́ fi wáyà ṣe nínú ilé tí òkun ń bọ̀ wá gbà?”

Ó nu ọwọ́ ẹja sára ìró. “Ìyá Oníwáyà, mo rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ṣé kí n wá jókòó sínú òkùnkùn dè é ni?”

Mo fa wáyà náà bí ẹni pé ilé ayérayé ni. Mo fi ìdẹ̀ra sílẹ̀ níbi tó yẹ, mo so ó, mo kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúnkún mi ń dún bí mo ṣe ń gòkè, nígbà tí mo sì sọ̀kalẹ̀, mo mọ̀ pé n kò ní gun òmíràn.

Mo ti jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀ kí Màmá Títí tó pè mí lórí fóònù. Òkun ti dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọn kò dúró dè é kó wọlé. Wọ́n tú páànù, wọ́n tú pákó, wọ́n sì rọra tú gbogbo wáyà mi, wọ́n ká a, wọ́n fi ọkọ̀ kó o lọ sí ìtòsí Ode Ugbo, wọ́n tún ilé kọ́ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti tún wáyà náà fà fúnra wọn, orúkọ tí mo kọ sí i ni wọ́n tẹ̀ lé.

“Ìyá Oníwáyà,” ó ní, “ẹ wá bá wa wò ó bóyá ó dára kí a tó tan iná sí i. N kò fẹ́ kó gbá ọmọ ọlọ́mọ.”

Mo lọ sí èbúté. Omi ń ru díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ dì mí lápá wọlé, ó rí bí mo ṣe rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì.

“Màmá, ṣé ẹ̀rù omi ń bà yín ni? Ṣé kí a jẹ́ kó di ọ̀la?”

“Ó ń bà mí gan-an, ọmọ mi,” ni mo wí. “Máa wà á lọ.”